Ọjọ́ Tí Owó Ń Wọlé Ló Ń Ṣàkóbá Fún Gààrí, Kì Í Ṣe Ẹ́ńjìnnì: Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ Nílé Gààrí Kan n'Íléṣà

Ilé gààrí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí wà lẹ́yìn ìlú Iléṣà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Àkúrẹ́. Kò tóbi rárá. Ẹ́ńjìnnì kan tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, jáàkì méjì tí wọ́n fi ń tẹ omi ẹ̀ jáde, àgbada mẹ́ta tí wọ́n fi bíríkì àti amọ̀ gbé dúró, àtíbàbà onípáànù, àwọn ìyá tó ń wá bẹ ẹ̀gẹ́, àti ìyá àgbà tó ni ibẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Òṣómàáló ni bàbá tó bí Màmá, ẹ kúkú mọ bí Ìjẹ̀ṣà ṣe ń mú ọ̀rọ̀ owó. Ìwé kan wà tí wọ́n máa ń fi sábẹ́ ìrọ̀rí, gbogbo ẹni tó jẹ wọ́n ní gbèsè wà níbẹ̀, gbogbo ẹni tí wọ́n jẹ náà wà níbẹ̀, kọ́bọ̀ kan ò sọnù.

Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ló gbé mi débẹ̀. Ohun tí mo ń ṣèwádìí lé lórí ni bí nǹkan ṣe ń rìn láti oko dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe é títí dé ọwọ́ ẹni tó máa rà á, Màmá sì gbọ́, wọ́n ní kí n wá bá àwọn wo irú ẹ́ńjìnnì ńlá tó yẹ káwọn rà. Owó àjọ wọn ti fẹ́ẹ̀ bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n tún fẹ́ yá díẹ̀ mọ́ ọn ní kọpuréétífù. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ́ńjìnnì yìí ti kéré fún wa. Wá lọ́jọ́ tí ọjà bá ku ọ̀la, wàá rí òkìtì ẹ̀gẹ́ níwájú ẹ̀."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, òkìtì náà wà. Píkọ́ọ̀pù mẹ́ta ló ń wá lọ́sẹ̀ kan, àmọ́ láàárín ọjọ́ méjì tí ọjà Àtàkúmọ̀sà fẹ́ kò ni gbogbo wọn máa ń já ẹrù sílẹ̀, àwọn ìyá á bẹ ẹ̀gẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, bọ̀dá tó ń rin ẹ̀gẹ́ á máa pariwo pé kí wọ́n má kó o wá pọ̀ mọ́, ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á búra pé ẹ́ńjìnnì ló ń dá iṣẹ́ dúró. Ojú kì í ṣàì rí òkìtì. Ohun tójú ò tètè rí ni ẹ́ńjìnnì yẹn kan náà lọ́jọ́ kẹta àti ìkẹrin, tapólì ni wọ́n fi bò ó, adìyẹ ń sùn lábẹ́ ẹ̀.

Torí náà mo bẹ Màmá pé kí wọ́n jẹ́ ká kọ aago sílẹ̀ kí wọ́n tó ná owó kankan. Iṣẹ́ yẹn ò gba kọ̀ǹpútà. Ìwé, bírò, aago orí fóònù, ṣọ́ọ̀kì. Àpò kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀gẹ́ rírin bá wọ̀, a kọ ìgbà tí ẹ̀gẹ́ ẹ̀ dé láti oko, ìgbà tí wọ́n rin ín, ìgbà tó bọ́ sábẹ́ jáàkì, ìgbà tó dórí iná. Ọmọ ọmọ Màmá tó wà ní SS2 ló ń bá mi kọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo bá wà n'Ífẹ̀, ó sì kọ ọ́ dáadáa ju bí ọ̀pọ̀ àgbà ṣe máa kọ ọ́ lọ.

Ohun tó jáde nìyí. Ẹ́ńjìnnì yẹn, kódà lọ́jọ́ tí iṣẹ́ pọ̀ jù, kì í ṣiṣẹ́ ju bíi wákàtí méjì lọ. Àgbada ní tiẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan dídín ń gba nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, gààrí tó ń jáde níbẹ̀ jẹ́ bíi kílò 6 sí 7. Àgbada mẹ́ta, tí iná ò bá kú, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 40 ní wákàtí kan. Wákàtí 8 á fún wọn ní nǹkan bí báàgì 6 oníkílò 50. Báàgì mélòó ni wọ́n ń rí lójúmọ́? Mẹ́ta. Ìyẹn ni pé ìdajì ọjọ́ ni àgbada fi ń dúró lásán, ibi tó yẹ kí gbogbo iṣẹ́ máa sá tọ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá ti jókòó ti ìyá tó ń dín gààrí rí á mọ̀ pé iṣẹ́ yẹn kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń sáré kiri. Á fi àwẹ́ igbá máa tẹ̀ ẹ́, á máa fọ́n ọn, á máa yí i, kó má baà dì, títí gààrí á fi máa dún ṣàràṣàrà lábẹ́ igbá, ìyẹn lá á fi mọ̀ pé ó ti gbẹ. Tó bá dìde kúrò nídìí iná fún ìṣẹ́jú márùn-ún, apá kan ti jó. Síbẹ̀, àwọn ìyá mẹ́ta yìí kan náà ló ń dìde lọ gbé àpò kúrò lábẹ́ jáàkì, àwọn ló ń fọ́ ọ, àwọn ló ń sẹ́ ẹ, àwọn ló ń lọ wá igi gbígbẹ nígbà tí igi tútù bá ń rú èéfín sí wọn lójú. Àti pé lọ́jọ́ tí ẹ̀gẹ́ pọ̀, jáàkì méjì ò tó, gbogbo àpò á máa dúró de ara wọn. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e lọ, kò ní í sí èyí tí omi ẹ̀ ti gbẹ tó láti dín. Ó dà bí afárá onígi kan tí gbogbo ará ọjà fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀, tí ẹnì kankan ò sì tún kọjá níbẹ̀ títí di alẹ́.

Eliyahu Goldratt, ọmọ Ísírẹ́lì kan tó kọ́ físíìsì, ló sọ ọ̀rọ̀ yìí di ohun táwọn ilé iṣẹ́ káàkiri ayé ń tẹ̀ lé láti ọdún 1984: ibi kan ṣoṣo tó ń dí ọ̀nà ló ń pinnu iye tí gbogbo ilé iṣẹ́ lè ṣe, wákàtí tó bá sọnù níbẹ̀ ti sọnù fún gbogbo ilé, èyí téèyàn bá sì jèrè níbòmíì, asán ni. Ẹ́ńjìnnì ńlá á kàn jẹ́ kí òkìtì kúrò níwájú ẹ́ńjìnnì lọ dúró níwájú jáàkì ni, kíákíá sì ni, gbèsè kọpuréétífù á wá wà lọ́rùn Màmá.

A tún ka iye àpò tó wà nílẹ̀. Tá a bá ṣírò gbogbo èyí tí wọ́n ti rin tí wọn ò tíì dín sí báàgì gààrí, nǹkan bí 12 ló máa ń wà nílẹ̀ nígbàkígbà. Mẹ́ta ló ń jáde lójúmọ́. Ẹ pín 12 sí 3, ọjọ́ 4 nìyẹn. Ìṣirò yìí ò le ju bẹ́ẹ̀ lọ, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ John Little ló fi ẹ̀rí ẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 1961 l'Amẹ́ríkà, ó sì ṣiṣẹ́ fún báńkì, fún ọsibítù, fún ilé iṣẹ́ mọ́tò àti fún ẹ̀gẹ́ tá a rin n'Íléṣà: iye tó wà nílẹ̀, pín in sí iye tó ń jáde lójúmọ́, wàá mọ iye ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò níbẹ̀. Màmá wo ìṣirò yẹn fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní, "Ìyẹn ni pé owó mi ń sùn nílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà.

Kì í wá ṣe owó nìkan. Ẹ̀gẹ́ kì í dúró de èèyàn. Tí wọ́n bá ti fà á nílẹ̀, láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ láti inú. A dá ọ̀kan sí méjì nínú èyí tó ti sùn nílẹ̀ níbẹ̀, èèpo ẹ̀ lóde ò ní àbùkù kankan, àmọ́ inú ẹ̀ ti ní àwọn ìlà tíńtìntín aláwọ̀ ẹ̀lú, òórùn ẹ̀ ti yí. Irú ìyẹn, ewúrẹ́ ló máa jẹ ẹ́. Èyí tí wọ́n sì ti rin náà, ọ̀kan á kan fún ọjọ́ méjì, òmíì á kan fún márùn-ún, gbogbo ẹ̀ á wá pàdé nínú báàgì kan. Oníbàárà tó fẹ́ gààrí kíkan á ní kò kan tó, èyí tó fẹ́ èyí tí ò kan púpọ̀ á ní ó ti kan jù. Àwọn oníbàárà ti ń ráhùn bẹ́ẹ̀ tipẹ́, wọ́n rò pé irú ẹ̀gẹ́ tí Màmá ń rà ló fà á.

Mo fẹ́ kẹ́yin tẹ́ ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fetí sí èyí dáadáa o: kì í ṣe gbogbo ìdúró ló yẹ ká gé. Rírin, kíkan àti fífún omi jáde ló ń yọ oró sáyánáìdì kúrò lára ẹ̀gẹ́. Ẹni tó bá ní torí pé òun fẹ́ yára, kí wọ́n rin ín láàárọ̀ kí wọ́n dín in lọ́sàn-án, ó ń fi ẹ̀mí èèyàn ṣeré ni. Ọjọ́ méjì la jọ fẹnu kò sí fún gbogbo àpò, kò gbọ̀dọ̀ dín, kò sì gbọ̀dọ̀ lé.

Ìbéèrè tó wá kù ni pé kí ló dé tí píkọ́ọ̀pù mẹ́ta fi ń wá lẹ́ẹ̀kan náà? Èsì tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ fún mi ni ọkọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 29, 2023, owó ọkọ̀ ti le, àwọn àgbẹ̀ máa ń dúró de ọkọ̀ tó ń kó ẹrù ọjà bọ̀ kí wọ́n lè jọ pín owó ẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tán síbẹ̀. Bàbá àgbẹ̀ kan ló la ọ̀rọ̀ náà yé mi nígbà tí mo lọ bá wọn lóko. Wọ́n ní, "Tí mo bá kó o wá lọ́jọ́ míì, ìwé ni Màmá máa kọ orúkọ mi sí. Tí mo bá kó o wá nígbà tí ọjà fẹ́ kò, àwọn ará Èkó ò ní í pẹ́ sanwó, mo máa gba owó mi lọ́jọ́ ọjà gan-an."

Ó ya mí lẹ́nu, torí kò sí nínú gbogbo aago tá a kọ sílẹ̀. Àwọn tó ń kó gààrí lọ sí Èkó, ọjọ́ ọjà ni wọ́n ń wá, ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń san owó, ọjọ́ yẹn náà ni Màmá ń rí owó fún àgbẹ̀, nítorí náà ọjọ́ yẹn ni gbogbo àgbẹ̀ máa ń fa ẹ̀gẹ́. Owó ló ń pe ẹ̀gẹ́ jáde nínú ilẹ̀. A lè gbé ẹ́ńjìnnì mẹ́wàá síbẹ̀, kò ní í yí ọjọ́ yẹn padà. Inú ìwé abẹ́ ìrọ̀rí yẹn gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀ wà, lójú ewé àwọn tí Màmá jẹ.

Ìmọ̀ràn tí mo wá fún Màmá nìyí, a sì jọ fà á fún ọjọ́ mélòó kan: ẹ má ra ẹ́ńjìnnì. Ẹ mú lára owó àjọ yẹn, ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ má fi ṣe nǹkan kan ju kẹ́ ẹ fi sanwó lójú ẹsẹ̀ fún àgbẹ̀ tó bá gbé ẹ̀gẹ́ wá lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá yàn fún un. Tí ará Èkó bá sanwó, ẹ dá a padà sínú ẹ̀. Màmá kọ́kọ́ kọ̀. Wọ́n ní owó téèyàn ò rí ohun tó fi rà kì í ṣe owó, ẹ́ńjìnnì wà lójú gbogbo ayé, wọ́n á rí i pé òun ra nǹkan. Mo lóye wọn. Ẹni tó bá ń yá ni lówó pàápàá, ẹ̀rọ ló máa ń fẹ́ rí. Àmọ́ nígbà tá a fi owó ẹ̀gẹ́ tó ń bàjẹ́ àti owó ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí wọ́n rí i pé gààrí tó ń bọ́ lọ́wọ́ wọn lọ́sẹ̀ kan tó bíi báàgì kan ààbọ̀, wọ́n dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní kí n máa bọ̀.

Ẹ̀gẹ́ ní oore kan tí ọ̀pọ̀ irè oko ò ní: tó bá ti gbó, ó lè dúró sínú ilẹ̀ fún oṣù mélòó kan sí i láìbàjẹ́. Oko fúnra ẹ̀ ni stóò. Gààrí gbígbẹ náà lè dúró sínú báàgì fún oṣù púpọ̀ tí omi ò bá kàn án. Àárín méjèèjì ni ewu wà, láti ìgbà tí wọ́n bá ti fà á títí dìgbà tó máa fi bọ́ lórí iná. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ ni pé àárín yẹn gan-an ni ọjà ń sùn sí. Ohun tá a ṣe ni pé tí ọjà bá máa dúró, kó dúró sínú ilẹ̀ lóko tàbí kó dúró sínú báàgì ní gbígbẹ, kó má dúró sí àárín.

Nílẹ̀ sìmẹ́ǹtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jáàkì, a fi ọ̀dà kun ojú ibi mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ẹ̀gẹ́ rírin tó máa di báàgì gààrí kan. Tí gbogbo ẹ̀ bá kún, bọ̀dá ò gbọ̀dọ̀ tan ẹ́ńjìnnì, àgbẹ̀ tó kàn ò sì gbọ̀dọ̀ fa ẹ̀gẹ́. Tí méjì bá ṣófo, ọmọ ọmọ Màmá á pe ẹni tó kàn lórí fóònù. Gbogbo ẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Taiichi Ohno ní ilé iṣẹ́ mọ́tò Toyota ní Japan ló sọ irú ọgbọ́n yìí di ńlá, ó sì sọ pé bí àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà ṣe ń fi ọjà tuntun síbi tí ti àtijọ́ bá ti tán lórí pẹpẹ ló fún òun ní èrò náà. Èèyàn á rò pé iṣẹ́ mọ́tò ga ju gààrí lọ, àmọ́ ìṣòro kan náà ni, kódà mọ́tò kì í jẹrà láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Àwọn ìyá tó ń dín gààrí wá di ẹni tí gbogbo wa ń ṣọ́. Màmá gba ọmọbìnrin méjì tó ń fọ́ ọ tó sì ń sẹ́ ẹ kalẹ̀ dè wọ́n, ẹnì kan sì wà tó mọ dídín tó máa ń gba ipò ẹni tó bá fẹ́ jẹun tàbí fẹ́ simi, kí iná má baà máa jó lásán. Igi wà lábẹ́ páànù báyìí, wọ́n máa ń kó o jọ ṣáájú. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé a yí ẹnu iná padà, a mọ ògiri kékeré sáàárín, ìdí iná wà lẹ́yìn ògiri, ìyá tó ń dín wà níwájú, èéfín ń bá ẹ̀yìn lọ. Tẹ́lẹ̀, ojú wọn máa ń pọ́n títí di ọjọ́ kejì, ẹnì kan nínú wọn ti ń fi ọwọ́ nu ojú ṣáá kódà tí kò bá sí nídìí iná. Ọ̀pọ̀ tó ń ṣe irú ìwádìí yìí máa ń ka ìlera òṣìṣẹ́ sí ọ̀rọ̀ àánú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú nìkan, ìyá yẹn ni ibi tó ń pinnu iye gààrí tó ń jáde, tó bá rẹ̀ ẹ́, ilé gààrí ló rẹ̀.

Gbogbo ẹ̀ ò lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ o. Àwọn ìyá méjì kan tó jẹ́ pé ọjọ́ òkìtì nìkan ni wọ́n máa ń wá bẹ ẹ̀gẹ́ láti abúlé wọn ò rí iṣẹ́ tó pọ̀ lọ́jọ́ yẹn mọ́, ó sì dùn wọ́n, nítorí wọn ò lè máa wá lójoojúmọ́. Ìyẹn ò ní ojútùú tó dáa títí di ìsinsìnyí. Àgbẹ̀ kan náà gbé ẹ̀gẹ́ wá láìjẹ́ pé wọ́n pè é, owó ilé ìwé ọmọ ló ká a mọ́, Màmá ò lè lé e, wọ́n gbà á, ibi mẹ́jọ yẹn sì kún jù fún ọ̀sẹ̀ yẹn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pẹ̀lú, tí ilẹ̀ bá ti le, ẹ̀gẹ́ ò ṣeé fà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, owó tí wọ́n ń san fún ẹni tó ń fà á máa ń ga, ètò ọjọ́ tá a ṣe á máa yẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ará Èkó náà wà níbẹ̀. Ìyá kan tó ń kó gààrí lọ máa ń ní kí wọ́n bá òun to báàgì 15 sílẹ̀ tó bá ti gbọ́ pé gààrí fẹ́ wọ́n, tó bá dé, á mú 9. Kì í ṣe pé ó fẹ́ rẹ́ wọn jẹ, ẹ̀rù ló ń bà á pé òun ò ní í rí tó, ló ṣe ń bèèrè ju ohun tó máa tà lọ. Procter & Gamble, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Pampers l'Amẹ́ríkà, rí irú ẹ̀ lórí ìlédìí yìí: àwọn ọmọ ọwọ́ ń lo iye kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, síbẹ̀ iye tí àwọn oníṣòwò ń bèèrè ń fò sókè ń já sílẹ̀, bó sì ṣe ń sún mọ́ ilé iṣẹ́ ló ń le sí i. Hau Lee, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Stanford, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ náà síta lọ́dún 1997, wọ́n ní lára ohun tó ń fà á ni kí ẹni tó ń ṣe nǹkan máa wo iye tí wọ́n bèèrè dípò iye tí wọ́n tà. Torí náà, Màmá kì í bi í mọ́ pé mélòó lo fẹ́. Wọ́n máa ń pè é ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọ́n á kí i, wọ́n á bi í léèrè ọmọ, wọ́n á wá ní, "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí, báàgì mélòó lo rí tà?" Iye yẹn ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Ní báyìí, báàgì 4 ló ń jáde lójúmọ́ níbi tí 3 ti ń jáde, ẹ́ńjìnnì àtijọ́ yẹn náà ni, àgbada mẹ́ta yẹn náà ni. Nǹkan bí 8 ló wà nílẹ̀ dípò 12, ọjọ́ méjì péré ni àpò kọ̀ọ̀kan ń lò, bá a ṣe fẹ́ kó kan. Píkọ́ọ̀pù tí wọ́n ń gbà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mẹ́rin lọ́sẹ̀, èyí tí ewúrẹ́ ń jẹ ti dín kù gan-an. Oníbàárà kan láti Òṣogbo tó ti fi wọ́n sílẹ̀ torí pé gààrí wọn kì í kan bákan náà ti padà wá.

Màmá ti ń bi mí bóyá káwọn fi àgbada kẹrin kún un. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀, torí bí mo ṣe rí i, àwọn tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ ló máa dí ọ̀nà tí àgbada bá fi lè di mẹ́rin. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń bẹ gbogbo ẹ̀, ẹ̀gẹ́ kì í sì í ní ìrísí kan náà, ìyẹn ni ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún bíbẹ ẹ fi máa ń gé ẹran ara ẹ̀ dànù mọ́ èèpo. Ọmọ ọmọ Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ aago bíbẹ sílẹ̀, ewé mẹ́ta ti kún nínú ìwé náà. Tó bá ti pé oṣù kan, a máa mọ̀ bóyá ẹni tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ ló yẹ ká wá kún un tàbí àgbada.